Èwo Nínú Kíndìnrín Rẹ Ni?

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ lọ gbé ní India fún oṣù mẹ́ta, wọn ò bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ìró, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Èwo nínú kíndìnrín rẹ ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, torí ẹni tó bá ń ṣàìsàn tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ máa ń rín.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá. Lọ́dọ̀ àwa ọmọ Nàìjíríà, èèyàn kì í dédé lọ sí India. Ẹni tó bá fẹ́ jayé, Dubai ló ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà, China ló ń lọ. Ẹni tó bá ń lọ sí India, àìsàn ló ń gbé e lọ, irú àìsàn tí gbogbo ìjọ ń gbààwẹ̀ lé lórí. Aláìsàn náà fúnra rẹ̀ ò sì ní jẹ́wọ́ láé. Á ní òun fẹ́ lọ wo òwò kan ni, tàbí pé òun fẹ́ lọ sinmi díẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross, ní Amẹ́ríkà níbi tá à ń gbé, àwọn kan ti lọ wo òwò báyẹn rí. Àwọn míì nínú wọn padà wá pẹ̀lú kíndìnrín ẹlòmíì lára wọn, àwọn míì ò padà wá mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo ní, "Màámi, iṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ ṣe," ńṣe ni mo fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi lórí.

"Iṣẹ́," ni màmá mi wí. Wọ́n yíjú sí àbúrò mi obìnrin, torí ilé rẹ̀ ní Dacula la wà, ibẹ̀ ni màmá mi ń gbé tí wọ́n ń bá a tọ́ àwọn ọmọ. Àbúrò mi wolẹ̀. Ó ti ń sunkún.

Òótọ́ ni mo sì ń sọ o. Iṣẹ́ mi ò ní ìjókòó kan pàtó. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń dán ètò táwọn aláìsàn fi ń gba àyè láti rí dókítà wò, kí n lè rí ibi tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ kí aláìsàn tó kàn án. Ibikíbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti ń ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì mi nìyẹn. Àmọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún, inú yàrá kan náà ní Norcross ni mo ti ń ṣe é, tábìlì kan bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì kan ògiri. Màá wọ ṣẹ́ẹ̀tì torí meeting, ṣòkòtò tí mo fi sùn ló wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ míì wà tó jẹ́ pé ẹni tó gbé ẹrù wá sẹ́nu ọ̀nà nìkan ni mo máa rí, òun náà á ti sá padà sínú ọkọ̀ rẹ̀ kí n tó ní ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí àdéhùn ilé tí mo háyà ku díẹ̀ kó parí, tí ọ̀gá wa sì ní ẹni tó bá wù lè máa ṣiṣẹ́ láti ìlú tó bá fẹ́, tó bá ṣáà ti wà lórí ìjókòó nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì ní Atlanta bá jí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọkùnrin tó ń ta ata àti ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará India nítòsí ilé mi ló fọ̀nà hàn mí, kò sì mọ̀. Mo bi í pé ìlú wo ló ti wá. Ó ní Madurai, ní gúúsù pátápátá. Mo ní ṣé ó dáa kéèyàn lọ gbé níbẹ̀. Ojú tì í. Ó ní kí n má dán an wò, kí n kúkú lọ sétí òkun níbi táwọn òyìnbó ń lọ. Ó ní ìlú òun ò dán rárá, eruku, màlúù àti ariwo ni, èèyàn ti pọ̀ jù, gbogbo wọn ló sì máa fẹ́ mọ ohun tí mo jẹ láàárọ̀. Ó rò pé òun ń lé mi sẹ́yìn ni. Kó tó di ilá mi sínú ọ̀rá tán, ọkàn mi ti wọ bàálù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn ní ìlú yẹn débi pé ojú ara mi ń tì mí. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé mi láti pápákọ̀ òfurufú, irú èyí tí mo wọ̀ kẹ́yìn ní Ìbàdàn nígbà tí n ò tíì hu irùngbọ̀n. Awakọ̀ náà ń fọn fèrè láìdáwọ́ dúró, kódà nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú. A gba orí afárá kọjá lórí odò tí kò lómi, àwọn ẹfọ̀n ń jẹko nínú rẹ̀, àwọn obìnrin sá aṣọ sórí iyanrìn. Wáyà iná ti lọ́ mọ́ra wọn lókè débi pé n ò mọ ẹni tó máa tú u. Gbogbo ìkòríta ni wọ́n ri pátákó ńlá mọ́, tí wọ́n ya àwòrán èèyàn sí: ọmọ tí wọ́n lu etí fún, ẹni tó gbéyàwó, bàbá arúgbó tó kú. Àfi bíi pé mo wà ní Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn. Òórùn òdòdó funfun tí àwọn obìnrin ń fi sírun àti òórùn gọ́tà jọ ń wọ imú mi, n ò sì lè sọ pé kí ọ̀kan dúró síta.

Lábẹ́ igi kan ní ìtòsí ilé tí mo fẹ́ wọ̀ sí, ọkùnrin kan ń fi àyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ. Àyọ́ọ̀nù eléèédú. Mo ní kí awakọ̀ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró tì í. Èéfín rẹ̀ gan-an, èéfín ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó wá fi ọwọ́ sẹ́nu bí ẹni ń jẹ òkèlè, ó fi ojú bi mí léèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti jẹun. Láti ọdún tí mo ti ń gbé Norcross, ẹnì kan ò bi mí rí lójú títì bóyá mo ti jẹun.

Ìyá arúgbó kan ló ni ilé náà. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Páátì, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀ nìyẹn, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Opó ni wọ́n, wọn ò ga, irun wọn ti funfun tán, ó sì hàn pé wọ́n dàgbà ju màmá mi lọ dáadáa. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Chennai ló bá mi ṣètò yàrá náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yàrá kan ṣoṣo lókè téńté, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Gẹ̀ẹ́sì tí Páátì gbọ́ ò ju èyí tí wọ́n fi ń pe èèyàn wá jẹun lọ. Tamil, èdè tiwọn, tí èmi gbọ́ ò tiẹ̀ tó ìyẹn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá Páátì lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya ọnà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ti máa ń ṣe láràárọ̀. N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ara mi ló ṣe é. Pẹ̀lú gbogbo bí Amẹ́ríkà ṣe kọ́ mi láti máa ju ọwọ́ sáwọn àgbàlagbà láti inú mọ́tò, ẹ̀yìn mi ṣì mọ̀ pé àgbà ni àgbà ń jẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Páátì ju ìyẹ̀fun sílẹ̀. Wọ́n sáré wọlé, wọ́n gbé àwo eérú funfun kékeré kan jáde, wọ́n fi díẹ̀ kùn mí níwájú orí, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, wọ́n súre gígùn, wọ́n sì ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, mo ní onílé gidi lèyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo tún dọ̀bálẹ̀, Páátì tún sáré wọlé. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Àwa méjèèjì ò mọ bá a ṣe fẹ́ dáwọ́ dúró. Èmi ò lè rí àgbàlagbà kí n dúró ṣánṣán bí òpó iná, àwọn náà ò sì lè rí èèyàn nílẹ̀ kí wọ́n má súre. Ọjọ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, wọ́n fún mi ní gúáfà. Ọjọ́ tí gúáfà náà tán, wọ́n wá inú ilé títí, wọ́n bá gbé àlùbọ́sà kan lé mi lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ wọn pè mí láti Chennai. Ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, màmá mi ní kí n bi yín, ọdún wo lẹ ń ṣe nílùú yín tí ò tán bọ̀rọ̀ báyìí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọjọ́ ńlá nìkan lèèyàn ń dọ̀bálẹ̀ báyẹn lọ́dọ̀ wọn: ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ọdún, ọjọ́ tí èèyàn bá ń lọ sí ìrìn àjò tó jìn. Àgbà tí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ fún gbọ́dọ̀ súre, kò sì bójú mu kí onítọ̀hún dìde lọ́wọ́ òfo. Mo ní kò sí ọdún kankan, ẹ kú àárọ̀ lásán ni. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún màmá rẹ̀. Páátì rín in títí wọ́n fi jókòó, nígbà tí wọ́n sì máa fi dìde, wọ́n jáde lọ ròyìn mi fún gbogbo àdúgbò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ mu kọfí láàárọ̀, màá bá àwọn bàbá àdúgbò tí wọ́n ti gbé àga síta, tí wọ́n ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. N kì í já wọn kulẹ̀. Odidi ọkùnrin bíi tèmi, mo wá ń fi àyà nu títì kí n tó rí kọfí mu, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Páátì ò dáwọ́ dúró, eérú náà ò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára.

Nírọ̀lẹ́, tí Atlanta bá jí, màá ṣí kọ̀ǹpútà mi lókè téńté, pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ tó ń ké nísàlẹ̀. Iná máa ń lọ láàárín meeting. Ẹ gbọ́ mi o, bí iná bá ti lọ báyìí, gbogbo àdúgbò á jọ mí kanlẹ̀, bó bá dé, àwọn ọmọdé á pariwo ayọ̀, gẹ́lẹ́ bá a ṣe máa ń ṣe nílé. Ọ̀gá mi bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Mo ní kò sí.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bu omi sínú ayọ̀ mi. Ní Dacula, màmá mi gbà pé mò ń kú lọ. Bàbá mi ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yẹn. Gbogbo ìgbà tí àìsàn ń jẹ bàbá mi nínú, ohun tí wọ́n ń sọ fún màmá mi ni pé ara òun le, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi sùn tí wọn ò jí. Nítorí náà, bí mo bá ti ní, "Màámi, ara mi le," àyà wọn á já. Mo gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí wọ́n á fi gbà pé mi ò ṣàìsàn, kí ìbẹ̀rù má lọ di àìsàn sí wọn lára, torí ẹ̀jẹ̀ tiwọn gan-an ti fẹ́ máa ru.

Láràárọ̀ mi, tó jẹ́ alẹ́ tiwọn, mo máa ń pè wọ́n lórí fídíò. Èrò mi ni pé tí wọ́n bá fojú rí mi, ọ̀rọ̀ á tán. Ọ̀rọ̀ ò tán.

"Ògiri wo nìyẹn lẹ́yìn rẹ?"

"Ògiri yàrá mi ni, Màámi."

"Àwọ̀ ewé. Kò sí ilé ìwòsàn tí mo wọ̀ rí tí wọn ò kùn bẹ́ẹ̀."

Mo ní kí n fi ìró funfun tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ró hàn wọ́n, torí mo rò pé ó yẹ mí. Wọ́n ní ta ló wọ aṣọ yẹn fún mi, ṣé nọ́ọ̀sì ni. Mo fi oúnjẹ àárọ̀ mi hàn wọ́n, oúnjẹ ìrẹsì lílọ̀ kan tí wọ́n fi ooru sè, ó funfun, ó rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ní oúnjẹ ẹni tí kò léyín, tàbí ẹni tí kò lágbára. Mo ní Páátì kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin, ni èmi náà ò ṣe jẹ ẹ́ nílé wọn. Wọ́n ní, "Kí ni dókítà sọ nípa iyọ̀?"

"Màámi, kò sí dókítà."

"Ṣé ò ń tọ̀?"

"Mò ń tọ̀, Màámi."

"Ó ń pọ̀ dáadáa? Àwọ̀ wo ló ní?"

Èmi rèé, irun ti ń funfun ní ẹ̀bá etí mi, mo jókòó lókè ilé onílé, mò ń ṣàlàyé àwọ̀ ìtọ̀ mi fún ìyá tó bí mi.

Mo wá ní kí n kúkú fi ìlú náà hàn wọ́n. Mo yí fóònù sí ìsàlẹ̀: ewúrẹ́, gọ́tà, wáyà, Màrúwá tí taya rẹ̀ jò, ọkùnrin aláyọ́ọ̀nù lábẹ́ igi. Mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí. Mo ní, "Ẹ wò ó, Màámi, èédú ló wà nínú ẹ̀ o, èédú!" Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọlọ́run mi. Ilé ìwòsàn olówó pọ́ọ́kú lo tiẹ̀ lọ."

Kí ni kí n ṣe? Tó bá jẹ́ Dubai ni, pẹ̀lú gíláàsì àti omi tó ń tú sókè, bóyá wọ́n ì bá gbà pé mo wá jayé. Ìlú tí kò dán ò lè jẹ́rìí fún mi. Ohun tó ń mú inú mi dùn níbẹ̀ ló ń pa ẹjọ́ mi.

Ìròyìn rere kan ṣoṣo ló ń ti Dacula wá. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò ní gbà á gbọ́. Màmá ti ń rìn o." Ó ní láràárọ̀ ni màmá mi ń bá àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí mall ní Buford kí wọ́n tó ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn yíká inú rẹ̀ títí òógùn á fi bo wọ́n. Wọn ò fi iyọ̀ sóúnjẹ mọ́. Wọn ò mu máàtì ìgò mọ́. Kódà bí orúnkún bá ń dùn wọ́n, wọn ò lo egbòogi ara ríro tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí dókítà ti ń bẹ̀ wọ́n lórí nǹkan wọ̀nyí, wọ́n á ní dókítà wo, ṣé ọmọ àná yẹn. Inú mi dùn, mo fò sókè lójú Páátì, mo jó. Mo ní ìrìn àjò mi yìí ti ṣe wá lóore: mo kúrò lọ́rùn màmá mi, wọ́n wá ráyè tọ́jú ara wọn.

Ohun tó fọ́ gbogbo rẹ̀ ni eérú. Mo máa ń nu iwájú orí mi kí n tó pe màmá mi, torí pé ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, n ò fẹ́ àlàyé gígùn. Lọ́jọ́ kan, àwọn ló kọ́kọ́ pè, mo gbé e láìronú. Èmi rèé lójú fídíò, ìró funfun nídìí, ògiri àwọ̀ ewé lẹ́yìn, eérú níwájú orí.

Wọn ò pariwo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n bi mí. "Ta ló fi eérú sí ọ lórí?"

"Páátì ni, Màámi, ìyá tó nilé. Wọ́n ń súre fún mi ni."

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi sí ọ?"

"Láràárọ̀."

Mi ò rí ojú wọn mọ́. Wọ́n ti gbé fóònù náà dùbúlẹ̀, òrùlé ilé àbúrò mi ni mò ń wò. Mo gbọ́ ohùn wọn lókèèrè tí wọ́n ń sọ fún un pé, "Wọ́n ti ń fi eérú gbàdúrà lé e lórí. Lọ bá mi gbé àpótí mi wá."

Màmá mi tí kò jẹ́ bá wa wọ bàálù lọ sí Houston. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ṣàlàyé, mo bínú, mo tún bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi, torí ìrìn àjò náà jìn, wọn kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Àbúrò mi ní wọ́n ti gba ìwé ìwọ̀lú, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ti gbàdúrà lé àpótí lórí, ẹnu wa ò ká wọn mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, mo ti dúró ní pápákọ̀ òfurufú Madurai kí oòrùn tó mú. Àwọn ìyá wa, ẹ mọ̀ wọ́n: bí ẹsẹ̀ wọn le tó irin, tí wọ́n bá ti dé ìdí bàálù, inú kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n máa jókòó sí kí wọ́n má bàa tò sórí ìlà. Mo rí kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n ń tì bọ̀, mo rí gèlè, mo sáré, mo dọ̀bálẹ̀. Màmá mi ti fọn, ara wọn sì yá gágá. Wọ́n dìde kúrò nínú kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n tọ́ka sí i. "Jókòó," ni wọ́n wí.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ nì—"

"Mo ní kó o jókòó."

Mo jókòó. Màmá mi fúnra wọn ló tì mí jáde ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọ iléeṣẹ́ bàálù ń tẹ̀ lé wa, kò mọ èwo nínú wa ni aláìsàn. Níta, wọ́n dá kẹ̀kẹ́ dúró níwájú gbogbo àwọn oní-Màrúwá, wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Kò sí àpá kankan. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni wọ́n wí. "Wọn ò tíì gé e. Mo bá a." Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi nígbà náà, ojú tó ń tì mí ò jẹ́ kí n rò ó.

Nínú Màrúwá, mo rò pé wọ́n máa bú mi. Wọ́n di irin mú, wọ́n ń wo òde: odò tí kò lómi, ẹfọ̀n, pátákó bàbá tó kú. Nígbà tá a kọjá lára ọkùnrin aláyọ́ọ̀nù, wọ́n yí ọrùn wò ó títí a fi yà.

"Èédú ni lóòótọ́?"

"Èédú ni, Màámi."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n tó rántí pé aláìsàn ló jókòó tì wọ́n.

Páátì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, Páátì sáré wọlé. Màmá mi rí i pé àgbà lèyí, àwọn náà kúnlẹ̀. Nígbà tí Páátì máa fi jáde, èèyàn méjì ló wà nílẹ̀, ni Páátì bá tún padà lọ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kejì. Nígbà tó kan màmá mi láti gba eérú, wọ́n rọra fa orí sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, ma, Jésù ti bá mi ṣe é." Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà. Páátì ò bínú, tèmi ni wọ́n bu eérú tó kù náà sí.

Páátì tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún wa, wọ́n bu ìrẹsì, wọ́n bu ọbẹ̀. Mo jẹ, wọ́n tún bu fún mi, mo tún jẹ. Màmá mi ò jẹ, èmi ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà mo gbé àpótí wọn lérí, mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo sì sọ̀ kalẹ̀ padà. Wọ́n dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń fetí sí mímí mi. Wọ́n ní kí n pe ọmọ Páátì, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un: "Ọmọ mi, ìwọ náà ní ìyá. Má pa irọ́ fún mi. Ilé ìwòsàn wo ni ọmọ mi ń lọ níbí?"

Ọmọ náà bi màmá rẹ̀. Páátì sọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n ń fi ọwọ́ sọ ọ́, wọ́n tọ́ka sí mi, wọ́n tọ́ka sí ìkòkò ìrẹsì. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Màmá mi ní kò sí aláìsàn kankan nílé yìí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ aláìsàn yín ló ń jẹun báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ẹni tí ara rẹ̀ le wá o."

Màmá mi dá fóònù padà fún mi. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn wọn, ó gbọn èjìká wọn, gèlè wọn yẹ̀. Páátì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà bẹ̀rẹ̀, a rín in títí omi fi ń bọ́ lójú gbogbo wa. Àmọ́ lẹ́yìn tí èmi àti Páátì ti dákẹ́, omi ojú màmá mi ò dákẹ́. Mo jókòó tì wọ́n.

"Màámi, ó ti tán. Ẹ wo ara yín náà bó ṣe dáa. Ìrìn Buford yẹn ti ṣiṣẹ́ o."

Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Kí lo rò pé mò ń rìn fún?"

"Torí ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

"Ta ní ń rojọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru?" Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, níbi tí wọ́n ti fi ìka tẹ tèmi ní pápákọ̀ òfurufú. "Mo lọ bi ọmọ dókítà yẹn léèrè. Ó ní wọn kì í gba kíndìnrín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru. Ó ní tí mo bá ń rìn, tí mo fi iyọ̀ sílẹ̀, tí mo fi àwọn oògùn orúnkún yẹn sílẹ̀, wọ́n lè yẹ tèmi wò. Ọjọ́ tó o wọ bàálù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fún ọ."

Èmi tí mo jó lójú Páátì. Páátì ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n dìde, wọ́n lọ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí i wá, wọ́n fi lé màmá mi lọ́wọ́. Màmá mi bó o, wọ́n dá a sí méjì, wọ́n fún mi lábọ̀.

Mo jẹ tèmi tán, mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ fi kíndìnrín náà ṣe báyìí?"

"Màá máa bá ọ tọ́jú ẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. "Ọjọ́ tó o bá nílò ẹ̀, sọ fún mi tààrà. Má sọ fún mi pé iṣẹ́ lo fẹ́ lọ ṣe."